Yokai Kì Í Ṣe Ẹ̀mí Burúkú

 Ọ̀rọ̀ òní yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà tí a máa ń tọ̀. Máńgà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ìwé ìtàn aláwòrán tí àwọn ará Jàpáànù ń ṣe. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ń kà á. Èyí tí mo yàn láàyò nínú rẹ̀ ni èyí tí ìfẹ́ ti ń wọ àárín ọmọ ènìyàn àti ẹ̀dá tí ojú lásán kò rí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń bí mi nínú nípa bí àwọn ìwé wọ̀nyí ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Yokai ni àwọn ará Jàpáànù ń pe àwọn ẹ̀dá náà. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ púpọ̀ nínú ìwé wọ̀nyí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, "demon" ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ẹ̀mí burúkú tí kò níṣẹ́ mìíràn ju ibi lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn ni àwọn ọmọ wa fi ń kà á. Èmi ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀, àti pé ìtumọ̀ náà ń ba ìtàn jẹ́ láti ìpìlẹ̀.

Kí ni yokai? Ọ̀rọ̀ náà fẹ̀. Kappa ń gbé inú odò, omi sì wà nínú kòtò kékeré tó wà ní àtàrí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ríba kí i, òun náà yóò tẹ̀ríba dá a padà, omi orí rẹ̀ yóò dànù, agbára rẹ̀ yóò sì tán. Ó lè fa ènìyàn sínú omi, ṣùgbọ́n kò lè ṣàì dáhùn ìkíni! Agboòrùn àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì lè di yokai olójú kan, ẹlẹ́sẹ̀ kan. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ tó pẹ́ láyé lè di arẹwà obìnrin. Abínú wà nínú wọn, aláwàdà wà, olóòótọ́ wà, ọ̀dàlẹ̀ náà wà, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i láàárín àwa ènìyàn. Mo ti wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí yóò bá a mu. Iwin sún mọ́ ọn, ẹbọra náà sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n agboòrùn kì í di iwin lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a kúkú pè é ní yokai, bí àwọn olóhun ti ń pè é.

Ẹ wo ohun tí àwọn olóhun fúnra wọn ń fi í ṣe. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Mizuki Shigeru, tí wọ́n bí ní 1922. Ìlú Sakaiminato tó wà létí òkun ni ó dàgbà sí, ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní NonNonBa ló sì ń sọ ìtàn yokai fún un nígbà tó wà lọ́mọdé. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó pàdánù apá òsì rẹ̀ lójú ogun. Apá kan tó ṣẹ́kù ni ó fi ya àwọn yokai ìyá yẹn títí ó fi kú ní 2015. Lónìí, òpópónà kan wà ní Sakaiminato tí a sọ lórúkọ rẹ̀, ère idẹ tó lé ní 170 ni wọ́n sì tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ yokai. Ìlú wo ló máa to ọ̀tá rẹ̀ sójú títì kí àwọn ọmọdé máa fọwọ́ kàn án?

Mo wá dé orí ìfẹ́. Ẹ mú Inuyasha, tí Rumiko Takahashi kọ láti 1996 di 2008, ìwé 56 lápapọ̀. Bàbá Inuyasha jẹ́ yokai ajá, ìyá rẹ̀ jẹ́ ènìyàn. Òun àti Kikyo, obìnrin tó ń tọ́jú ojúbọ, fẹ́ràn ara wọn, ṣùgbọ́n Kikyo ló ta á lọ́fà mọ́ igi, tí ó sì wà níbẹ̀ fún 50 ọdún, kí Kagome, ọmọbìnrin ayé òde òní tó já sínú kànga ojúbọ ilé wọn, tó wá tú u sílẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pe Inuyasha ní ìlàjì ẹ̀mí burúkú. Ẹni tó bá gba orúkọ yẹn gbọ́ yóò rò pé ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fa ìjàǹbá náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kà. Naraku ló gbé àwọ̀ Inuyasha wọ̀ lọ ṣe Kikyo léṣe, tó tún gbé àwọ̀ Kikyo wọ̀ lọ bá Inuyasha. Ta ló sì bí Naraku? Ọlọ́ṣà kan ni, Onigumo, ènìyàn bí èmi àti ẹ̀yin, tí iná jó, tí Kikyo ń fi àánú tọ́jú nínú ihò. Ojú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ni ó fi san oore náà. Ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ yokai kí ó lè rí agbára láti gba obìnrin náà. Gbòǹgbò ibi inú ìtàn náà, ọkàn ènìyàn ni ó ti hù. "Demon" ti bo èyí mọ́lẹ̀ kí òǹkàwé tó ṣí ojú ìwé kejì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, orúkọ Èṣù, òjíṣẹ́ tó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, ni wọ́n fi pe ọ̀tá Ọlọ́run wọn. N kò bá òkú jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni àwa ti ń ṣàlàyé: bí mo bá jókòó ti ẹni tuntun, kí n tó sọ ohun tí Èṣù jẹ́, n ó kọ́kọ́ sọ ohun tí kì í ṣe. Ìdí nìyí tí ara mi fi máa ń ta bí mo bá rí i tí orúkọ ẹ̀dá àwọn ẹlòmíràn ń bá ọ̀nà kan náà lọ.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan gbé báàgì ìwé ọmọbìnrin rẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti ní kí ó dáná sun ún, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ bá òun wò ó, torí pé owó ni òun fi rà á. Mo bi í pé kí ló rí níbẹ̀ tó burú. Ó nawọ́ sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lẹ́yìn ìwé. Kò tíì ka èyí tó kù. Mo ní kí ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n jọ kà á, láti ọwọ́ ọ̀tún wá sí òsì, bí wọ́n ṣe ń kà á.

N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Òmíràn wà tí ọkùnrin yokai yóò máa halẹ̀ mọ́ ọmọbìnrin, tí wọ́n á sì ní ìfẹ́ nìyẹn. Èmi kì í parí irú rẹ̀. Kamisama Hajimemashita ti Julietta Suzuki, tó jáde láti 2008 di 2016, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀: Tomoe, yokai kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kò ní ẹnu rere rárá sí Nanami, ọmọbìnrin tí bàbá onítẹ́tẹ́ fi gbèsè sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n mo ní sùúrù fún un. Nígbà tó yá, ohun tó wà lọ́kàn Tomoe ni bí òun yóò ṣe di ènìyàn, kí òun lè dàgbà kí òun sì kú bí Nanami ti máa kú. Ẹlẹ́mìí gígùn ló ń wá ẹ̀mí kúkúrú!

Èyí tó ga jù lójú mi ni Natsume Yūjinchō, tí Yuki Midorikawa bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ọmọ òrukàn ni Natsume. Ó ń rí yokai, àwọn ẹbí tó ń gbé e kiri láti ilé dé ilé sì ń pè é ní òpùrọ́. Ìyá rẹ̀ àgbà, Reiko, fi ìwé kan sílẹ̀ tó kún fún orúkọ àwọn yokai tó ṣẹ́gun. Ẹni tó bá di orúkọ ẹ̀dá kan mú lè pàṣẹ fún un. Kí ni ọmọ yìí ń ṣe? Ó ń dá orúkọ wọn padà fún wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Yokai kan tó ń gbé àwọ̀ ológbò rọ̀gbọ̀tọ̀, ọ̀mùtí, ni ó ń ṣọ́ ọ. (Ẹ máa rẹ́rìn-ín gan-an.)

Inú ìwé àkọ́kọ́ ni ìtàn Tsuyukami wà. Yokai alárìnkiri ni, ó kàn wọ ojúbọ kékeré kan lọ sinmi. Òjò rọ̀ lẹ́yìn àdúrà àwọn ará abúlé, ni wọ́n bá ń sìn ín bí òrìṣà. Bí àwọn olùsìn ti ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń kéré sí i. A máa ń wí pé bí ènìyàn kò bá sí, òrìṣà kò sí. N kò rí ibi tí wọ́n ti fi àwòrán sọ ọ́ báyìí rí. Ìyá arúgbó kan, Hana, nìkan ló kù tó ń mú ọrẹ wá. Láti ìgbà èwe ìyá yìí ni ẹ̀dá náà ti ń wò ó, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ láìlè fọwọ́ kàn án. Nígbà tí ẹ̀mí Hana ń lọ, òun náà mọ̀ pé òun ń lọ. Natsume ní òun yóò máa sìn ín kí ó má baà parẹ́. Ó kọ̀; ó ní ọ̀rẹ́ òun ni Natsume.

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí òun náà ti ń kà á báyìí, ní ó yẹ kí ó gbà. Èmi ní bí Hana ti ń lọ, kí ni yóò dúró ṣe? A ṣì ń jiyàn lé e lórí.