Ilé Ìsinmi Nínú Igbó: Ẹ Má Gbé Ìgboro Lọ Síbẹ̀

  

Ariwo mọ́tò àti ti ẹ̀rọ amúnáwá ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígboro. Olúkúlùkù ń wí pé òun fẹ́ kọ́ ilé kékeré kan sínú igbó bàbá òun, níbi tí òun yóò ti máa sinmi lópin ọ̀sẹ̀. Èrò náà dára púpọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbà ṣe é ni kò dára.

Mo mọ ọkùnrin kan tí ó jẹ́ olùkọ́ àgbà kí ó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ dé, ó ní ilé alábúlọ́ọ̀kù oníyàrá mẹ́rin ni òun yóò kọ́ sínú oko. Ó mú katakata wọ ibẹ̀, ó hú gbogbo igi tí ó ṣíji bo ilẹ̀. Mọ́tò kò lè débẹ̀ lásìkò òjò, nítorí náà orí ni wọ́n fi ń ru sìmẹ́ǹtì àti yanrìn. Kí ilé tó ga kọjá fèrèsé, owó ti tán. Lónìí, aláǹgbá ni onílé, oòrùn sì ń pa ilẹ̀ náà bí ẹni pé igbó kò sí níbẹ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé owó oúnjẹ ọjọ́ ogbó àwọn ni ó wà nínú búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ wí kò gùn. Ilé inú igbó gbọ́dọ̀ kéré, ohun tí ó wà nítòsí ni kí a fi kọ́ ọ, kí ó má sì pa igbó tí a torí rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Henry David Thoreau, tí òun náà ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí, ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1845 ó yá àáké, ó wọ inú igbó etí adágún Walden, nítòsí ìlú Concord ní Massachusetts, lórí ilẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, Emerson. Ó gé igi díẹ̀ fún òpó. Ó ra ahéré àlòkù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè kan, ó tú u, ó sì lo pákó rẹ̀. Bíríkì àlòkù àti fèrèsé àlòkù ni ó rà. Yàrá kan ṣoṣo ni ilé náà, ẹsẹ̀ bàtà 10 níbùú, 15 lóòró. Gbogbo ohun tí ó ná jẹ́ dọ́là 28 àti sẹ́ǹtì 12½, ó sì kọ ìṣirò rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, Walden, tí ó jáde ní ọdún 1854. Ó gbé ilé náà ju ọdún méjì lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ibẹ̀ kò jìnnà sí ìlú ju bíi máìlì kan àti ààbọ̀ lọ. Ó ń rìn lọ kí ènìyàn, ènìyàn sì ń wá kí i. Ẹni tí ń wá ìsinmi kò gbọdọ̀ lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ igbe rẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ahéré àwọn baba wa ńkọ́? Amọ̀ ibẹ̀, igi ibẹ̀, ewé gbòdògì tàbí koríko lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá ka ohun tí ó yẹ kí a ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni ilẹ̀. Kí ẹbí fọwọ́ sí i, kí ó wà lákọsílẹ̀. Igbó ọba kì í ṣe igbó bàbá ẹnikẹ́ni. Ẹ wo Igbó Ọ̀mọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí UNESCO kà mọ́ àwọn igbó pàtàkì ayé ní ọdún 1977. Ẹni tí ó bá lọ kọ́lé sí irú ibẹ̀ láìgbàṣẹ ń wá ẹjọ́. Lórí ilẹ̀ tiyín, ẹ wá ibi tí ó ga díẹ̀. Bí igi gbígbẹ bá wà tí ó lè wó débẹ̀, ẹ sún kúrò. Igi tutù tí ó ń ṣíji, ẹ dá a sí. Kí ẹ̀gbẹ́ ilé tí ó kúrú kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí èyí tí ó gùn, tí fèrèsé wà lára rẹ̀, kọjú sí àríwá àti gúúsù. Ooru yóò dín.

Èkejì ni ògiri. Kí a po amọ̀ dáadáa, kí ìpele kan gbẹ kí a tó gbé òmíràn lé e. Bí a bá kánjú, ògiri yóò sán, bẹ́ẹ̀ bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Omi ni ọ̀tá amọ̀. Ẹ fi òkúta ṣe ìpìlẹ̀ kí ó yọ sókè ilẹ̀ dáadáa, kí òrùlé sì yọ kọjá ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Bí omi kò bá kan ògiri lókè, tí kò kàn án nísàlẹ̀, ọmọ ọmọ yín lè bá a níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni igi, nítorí ikán. Ikán kì í tètè jẹ ìrókò àti ayán. Ẹ má torí òpó mẹ́rin gé odidi ìrókò. Ẹ lọ bá àwọn tí ń wó ilé àtijọ́, kí ẹ ra òpó àti ilẹ̀kùn wọn. Bí ó bá jẹ́ ọparun, ẹ gé èyí tí ó gbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ rì í sínú odò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, kí ẹ tó sá a síbi ìbòòji.

Ẹ̀kẹrin ni òrùlé àti omi. Ewé tutù ju páànù lọ, ṣùgbọ́n a ó máa pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí kò ráyè, kí ó fi páànù bò ó, kí ó sì tẹ́ àjà ọparun sábẹ́ rẹ̀. Páànù a máa pọn omi fún ni: òjò mílímítà 20 lórí òrùlé mítà 5 sí 6 jẹ́ lítà 600, bí díẹ̀ tilẹ̀ ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí omi àkọ́kọ́ tí ó fọ òrùlé ṣàn dànù, ẹ dé táǹkì dáadáa nítorí ẹ̀fọn, kí ẹ sì se omi náà kí ẹ tó mu ún.

Ẹ̀karùn-ún ni ṣáláńgá. Kí ó jìnnà sí kànga tàbí odò tó mítà 30, kí ó má sì wà lókè rẹ̀.

Yàrá kan, fáráńdà kan, ilé ìdáná lọ́tọ̀: ó tó. Ẹ wá àgbẹ̀ tí ó wà nítòsí tí yóò máa bá yín bojú wò ó, kí ẹ sì máa fún un ní nǹkan, nítorí ilé tí kò sẹ́nì kan nínú rẹ̀ a máa yá wó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí owó ilé ìsinmi bá ti fẹ́ kan owó oúnjẹ tàbí owó ilé ìwé ọmọ, ẹ dúró. Igbó kò ní sá lọ, bí a kò bá fi ọwọ́ ara wa pa á.

Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.