Àlejò Òru

Àwọn baba wa a máa fún àlejò ní omi mu kí wọ́n tó bi í léèrè ohun tí ó bá wá. Àṣà yìí kò ṣòro nígbà tí àlejò bá jẹ́ ẹyọ kan, tí ó dé ní ọ̀sán gangan, tí ó sì kí onílé. Bí wọ́n bá wá tó ogójì ńkọ́, tí wọ́n dé lóru láìwọ bàtà, tí àwọn fúnra wọn kò sì mọ ohun tí ó ń lé wọn?

Irú èyí ni ojú Èkó rí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002. Iná ran ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà, bọ́ǹbù sì ń dún léraléra. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé fọ́ ní ibi tí ó jìnnà. Àwọn kan ní ogun ni, àwọn kan ní àwọn ṣójà ti dìtẹ̀ gba ìjọba. Àwọn tí kò rí ara wọn rí jọ sùn sí ilé onílé àti ìta gbangba. Ìyá ń wá ọmọ, ọmọ tí ó sọnù sì ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ orúkọ baba rẹ̀.

A máa ń yin àwọn tí ó ṣí ilẹ̀kùn ní òru náà, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni ó ń dùn wá. Àjèjì lójú, kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ni ó wọ inú odò Òkè-Àfà nínú òkùnkùn. Ewéko ti bo ojú omi náà. Wọ́n ṣebí ilẹ̀ ni. Àwọn tí ó kú lápapọ̀ lé ní 1,000, omi ni ó sì gbé púpọ̀ nínú wọn, tọmọdé tàgbà.

Ọmọ àdúgbò mọ̀ pé odò wà níbẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi o. Ẹ̀rù ń ba àwọn náà. Ṣùgbọ́n ní ojú tiwa, ìgbàlejò kò mọ sí omi mímu àti ẹní títẹ́ nìkan: ẹni tí ó mọ ilẹ̀ ni yóò ṣe ojú fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Lónìí, ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó ni ó ní géètì tí wọ́n ń tì lálẹ́ nítorí olè. A kò bá wọn wí. Kí ẹgbẹ́ àwọn onílé ṣáà jókòó, kí wọ́n fi ẹnu kò: ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yóò wà bí ariwo bá ta lóru? Ta ni yóò sì gbé àtùpà dúró ní etí odò?