Ọmọbìnrin Ibi Káàdì Kọ́ Ló Pàṣẹ

Bí aláìsàn bá kú sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn aládàáni nítorí owó àsansílẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí aráàlú máa ń dojú èébú kọ ni ọmọbìnrin tó jókòó síbi káàdì. Wọ́n á ní kò láàánú. Wọ́n á ya fídíò rẹ̀, wọ́n á sì fi sórí Facebook. Orúkọ dókítà tó ni ilé ìwòsàn náà wà gàdàgbà lára pátákó níta, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n gbowó kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀.

Òwe àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Akọ̀wé yìí ló ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kí dókítà tó dé. Òun ló ń wá fáìlì tó sọnù, òun ló ń gbowó, òun ló ń kọ ìwé ẹ̀rí owó. Bí aláìsàn bá ní ètò adójútòfò ìlera, òun náà ni yóò pe iléeṣẹ́ HMO láti gba kóòdù, tí yóò sì di fóònù mú sétí fún ìgbà pípẹ́. Aláìsàn tó ń wò ó rò pé òun ló fẹ́ fìyà jẹ òun. Nígbà tó bá sì ń sọ pé, “Ẹ má bínú, Mà, dókítà ti wà lọ́nà,” ó ṣeé ṣe kí dókítà ṣì wà ní ilé ìwòsàn mìíràn tó ti ń ṣiṣẹ́. Irọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀; wọ́n fi rán an ni.

Kí ni wọ́n wá ń san fún un? Láti oṣù Keje ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà ti di ₦70,000. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀, abẹ́ àwọ̀sílẹ̀ yìí sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn kéékèèké ń sá sí. Àwọn oníléeṣẹ́ kan tún wà tí wọ́n máa ń yọ gbèsè aláìsàn tó bá sá lọ kúrò nínú owó oṣù akọ̀wé. Ẹni tí irú ìyà bẹ́ẹ̀ ń dúró dè, báwo ni yóò ṣe fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí wọ́n gbé ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ wọlé?

Ìpín 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni, ohun yòówù kó fà á. Ìjìyà rẹ̀ ni owó ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Owó ìtanràn yẹn kò lè dí oníléeṣẹ́ lọ́wọ́ àtijẹun, bẹ́ẹ̀ ni ó ju owó oṣù kan akọ̀wé lọ.

Kì í ṣe pé akọ̀wé kì í jẹ̀bi o. Ẹni tó bá pariwo láàárín èrò pé, “Ẹ̀yin tí ẹ wá gba èsì àyẹ̀wò HIV, ẹ bọ́ síbí,” ti hùwà ìkà, ó sì ti tẹ òfin kan náà lójú, nítorí Ìpín 26 rẹ̀ sọ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ? Iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga ni ìtọ́jú àkọsílẹ̀ ìlera, òfin sì ti dá ìgbìmọ̀ tí ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀. Oníléeṣẹ́ ló yàn láti mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, tó fún un ní bírò àti kọ́kọ́rọ́, tó sì ní ó parí.

Àwọn dókítà ní àwíjàre: dísù wọ́n, aláìsàn ń sá lọ láìsanwó, HMO kì í tètè san gbèsè. Òótọ́ ni. Àmọ́ òfin ọdún 2014 náà ló dá owó àkànlò ìlera sílẹ̀, ó sì ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ìjọba ni kí wọ́n lọ béèrè owó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n pariwo lé e lórí bí wọ́n ṣe máa ń pariwo lórí owó oṣù ara wọn.

Ní báyìí ná, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ rí gbogbo ẹni tí wọ́n bá gbé wá ní pàjáwìrì, kí ọ̀rọ̀ káàdì tẹ̀ lé e. Oníléeṣẹ́ tí kò bá sì gbà, kó kọ àṣẹ “owó lákọ̀ọ́kọ́” rẹ̀ sínú ìwé, kó fọwọ́ sí i, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè orí akọ̀wé rẹ̀, níbi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí orúkọ rẹ̀ kà.