Ìgbẹ́kẹ̀lé Kò Ṣe É Fi Ẹnu Wọ̀n



Ilé-iṣẹ́ Pew ní Amẹ́ríkà a máa bi àwọn ará ìlú léèrè bí wọ́n ti gbẹ́kẹ̀ lé àwọn olùwádìí ìṣègùn tó. Ní oṣù kọkànlá 2020, 40 nínú 100 ènìyàn ní àwọn gbẹ́kẹ̀ lé wọn gidigidi. Nígbà tí 2021 fi ń parí, ó ti di 29. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò mọ̀ pé oníbàárà tí ó san owó sílẹ̀ kí ó tó rí ọjà ni ó gbà yín gbọ́, kì í ṣe èyí tí ó ń yìn yín.

Ẹ wo Kánò. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò níbẹ̀. Igba ọmọ ni ó wà nínú ìdánwò náà, 11 kú. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n. Àwọn òbí ní a kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Ní 2003, Kánò kọ oògùn àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Àhesọ pé ó ń sọni di àgàn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí 1996 náà wà níbẹ̀. Ó tó nǹkan bí oṣù 11 kí wọ́n tó gba èyí tí a ṣe ní Indonéṣíà, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Èmi kò ní wọ́n ṣe rere: ọmọ púpọ̀ ni ó yarọ, àrùn náà sì tàn dé ilẹ̀ mìíràn.

Síbẹ̀, bí olùwádìí bá gbé ìwé ìbéèrè wá sí mọ́sáláṣí wa lọ́la, ohun tí n ó kọ́kọ́ bi í ni pé: ìwé tí àwọn òbí fi yọ̀ǹda ọmọ wọn dà?