Máòsì Tí Ó Bá Ọwọ́ Mu

Ní èbúté Ìpakodò, ní Ìkòròdú, apẹja tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ra àjẹ̀ láìkọ́kọ́ dì í mú. Yóò gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, yóò wò ó bóyá ó ga jù tàbí ó kúrú jù, yóò sì fi ọwọ́ méjèèjì fà á nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni pé omi wà níwájú rẹ̀. Àjẹ̀ tí ó gùn jù a máa dá èjìká lóró. Èyí tí ó kúrú jù a máa tẹ ẹ̀yìn ba. Bí igi rẹ̀ bá sì nípọn ju ohun tí àtẹ́lẹwọ́ lè ká lọ, ọwọ́ yóò ti bó kí ọkọ̀ tó dé àárín ọ̀sà. Àgbẹ̀ tí ó ń ra àdá náà kì í ṣe ohun mìíràn. Èèkù rẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ fọwọ́ dì kí ó tó wo ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àwọn ènìyàn kan náà yìí, bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti kọ̀ǹpútà, a sọ ọgbọ́n ilé rẹ̀ nù. Yóò dé ọjà, yóò rí máòsì tí wọ́n ṣe fún eré orí kọ̀ǹpútà, tí iná pupa àti iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀, yóò sì san owó rẹ̀ láìtíì gbé ọwọ́ lé e. Nígbà mìíràn inú páálí ni yóò wà títí yóò fi dé ilé. Àṣà yìí kò dára, kì í sì í ṣe nítorí owó nìkan.

Máòsì ni ohun kékeré tí ènìyàn ń fi ọwọ́ tì kiri lórí tábìlì kí àmì ojú kọ̀ǹpútà lè máa tẹ̀ lé e. Èkúté ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nítorí okùn ara rẹ̀ jọ ìrù. Douglas Engelbart, ará Amẹ́ríkà, ni ó ro bí yóò ti rí; akẹgbẹ́ rẹ̀, Bill English, ni ó sì kan àkọ́kọ́ rẹ̀ ní ọdún 1964, ní ilé ìwádìí Stanford Research Institute ní California. Igi ni wọ́n fi ṣe é: àpótí kékeré kan, kẹ̀kẹ́ méjì lábẹ́, bọ́tìnnì kan ṣoṣo lókè. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni wọ́n fi í han ọ̀pọ̀ ènìyàn ní San Francisco. Àpótí igi kì í bá ọwọ́ mu, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ wọnnì, pé ohun náà ṣiṣẹ́ rárá ti tó ìyanu. Nígbà tí ó wá di ohun tí ènìyàn ń dì mú láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni àwọn tí ń ṣe é wá bẹ̀rẹ̀ sí wo bí ọwọ́ ọmọ ènìyàn ti rí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn olùṣe eré sábà máa ń pín ìdìmú máòsì sí. Nínú èkíní, àtẹ́lẹwọ́ a sinmi pátápátá lé ẹ̀yìn máòsì, àwọn ìka a sì nà gbọọrọ lórí bọ́tìnnì, bí ìgbà tí baba bá gbé ọwọ́ lé orí ọmọ rẹ̀ láti súre fún un. Ìdìmú yìí rọ ọwọ́ lọ́rùn. Apá ni ó ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ìka. Máòsì tí ó gùn, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga, ni ó ń fẹ́. Bí a bá gbé máòsì kékeré fún ẹni tí ó ń dì í mú báyìí, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ yóò máa wá ibi tí yóò sinmi lé, kò sì ní rí i. Àwọn ìka rẹ̀ yóò kọjá orí máòsì lọ bọ́ sílẹ̀. Nínú èkejì, ìdí àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni ó ń kan ẹ̀yìn máòsì. Àwọn ìka a tẹ̀, wọ́n a sì dúró ṣánṣán lórí bọ́tìnnì bí èékánná àwòdì tí ó fẹ́ gbé òròmọdìẹ. Ẹni tí ó ń dì í mú báyìí a máa yára tẹ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n iṣan ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi bí ti ẹni àkọ́kọ́. Máòsì tí kò gùn púpọ̀, tí ìké rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn, ni ó tọ́ sí i. Nínú ẹ̀kẹta, àtẹ́lẹwọ́ kò kan máòsì rárá. Orí ìka nìkan ni ó mú un, bí ẹni tí ń kó ọmọ ayò nínú ihò ọpọ́n. Ìka ni ó ń tì í síwá, tí ó ń fà á sẹ́yìn. Nítorí náà ó gbọdọ̀ kéré, kí ó rẹlẹ̀, kí ó sì fúyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí wákàtí kan tó pé yóò ti rẹ àwọn ìka náà.

Ẹni tí ó bá ń kéde pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dára jù, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó ń ròyìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò tilẹ̀ dúró sórí ọ̀kan; wọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí eré bá gbóná, ìka a tẹ̀.

Báwo ni ènìyàn yóò ti mọ ìdìmú tirẹ̀? Kí ó má ṣe wo ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun a máa ṣe ọwọ́ rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kí ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wò ó nígbà tí eré bá ti wọ̀ ọ́ lára dé ìdajì wákàtí. Ẹ̀rí mìíràn tún wà tí kì í purọ́: máòsì àtijọ́ tí ó ti ń lò. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti ń dán, tí ìdọ̀tí sì ti kì í mọ́lẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ ni ó ń sinmi lé e. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nìkan ni ó dán, tí ẹ̀yìn ṣì dà bí tuntun, orí ìka ni olúwa rẹ̀ fi ń dì í mú.

Lẹ́yìn èyí ni ìwọ̀n ọwọ́. Láti ìlà ọrùn ọwọ́ títí dé ṣóńṣó ìka àárín ni wọ́n ń wọ̀n. Àwọn kan a máa sọ pé kí gígùn máòsì jẹ́ ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá gígùn ọwọ́. Èyí já sí pé ọwọ́ tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 yóò fẹ́ máòsì sẹ̀ǹtímítà 12. Ìṣirò náà dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin: ẹni tí ó ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e yóò fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ẹni tí ó ń fi orí ìka mú un lè má fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó wà lọ́jà kò sì dọ́gba. Razer DeathAdder V2 gùn ní mìlímítà 127, ó sì wọn gíráàmù 82. Razer Viper Mini gùn ní mìlímítà 118, ó sì wọn gíráàmù 61. Ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe méjèèjì. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí wọ́n fún ní èyí àkọ́kọ́ yóò máa fi gbogbo ọwọ́ nà bí ẹni tí ó fẹ́ mú èso lórí igi gíga.

Ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ ti di ohun tí àwọn ọ̀dọ́ ń jà lé lórí. Glorious Model O, tí ó jáde ní ọdún 2019, kò ju nǹkan bí gíráàmù 67 lọ, nítorí wọ́n lu ihò sí i lára bí afárá oyin. Ohun dáradára ni fún ẹni tí ìka rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ kò mọ̀ pé fún fífúyẹ́ ni wọ́n ṣe lu ihò náà. Ní etí ọ̀sà bí Ìpakodò, níbi tí ooru ti ń mú, tí iná mànàmáná sì lè lọ nígbà tí fáànù ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, àtẹ́lẹwọ́ a máa làágùn. Máòsì tí ara rẹ̀ ń dán bíi dígí yóò máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ le díẹ̀ ni ó tọ́ sí i, ìbáà jẹ́ pé kò lẹ́wà tó. Ní ti ẹni tí ó jẹ́ pé eré bọ́ọ̀lù nìkan ni ó ń ṣe, kí ó fi owó rẹ̀ pamọ́, nítorí pádì ni eré bọ́ọ̀lù ń fẹ́.

Ohun kan wà tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀, tí àwọn òǹtajà kì í sọ. Kọ̀ǹpútà a máa jẹ́ kí ènìyàn yan bí àmì náà yóò ti yára tó. Bí ó bá yára, ìka nìkan lè gbé e láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Bí ó bá lọ́ra, gbogbo apá ni yóò máa rìn. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rò pé máòsì òun ni kò dára, ìyára yìí ni kò tíì tún ṣe. Àwọn mìíràn sì wà tí ìbínú ni ó ń bá wọn jà: bí ọ̀tá inú eré bá ti pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n a fún máòsì mọ́wọ́ bí ẹni fún èfọ́. Òkò àbínújù kì í pẹyẹ. Kò sí ìdìmú tí ó lè gba irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ là. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá sì ń ro léraléra, tàbí tí ìka rẹ̀ ń kú, dókítà ni kí ó lọ rí, kì í ṣe òǹtajà.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí, pé máòsì ni máòsì í jẹ́. Ọ̀rọ̀ wọn kò tọ̀nà. Ọwọ́ tí ó fi máòsì ṣeré lálẹ́ ni yóò fi ya káàdì ìpè ìyàwó ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ni yóò fi gé fídíò òkú àgbà, ni yóò fi ṣe àkọsílẹ̀ ọjà fún ẹni tí ó gbà á síṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni oúnjẹ òòjọ́ wọn wà ní ọrùn ọwọ́ báyìí, gẹ́gẹ́ bí ti apẹja ti wà ní èjìká. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọwọ́ a máa kọ́ ohun tí wọ́n bá fún un. Òótọ́ ni, ọwọ́ a máa kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń tẹ ìka bí àwòdì nítorí pé máòsì tóbi jù fún un kò yan ìdìmú kankan. Ìyà ni ó kọ́ ọ.

Àwọn tí ìyà yìí jẹ jù ni ọlọ́wọ́ òsì. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni, ìlànà náà sì dára ní àyè rẹ̀. Ṣùgbọ́n máòsì kì í ṣe àgbà tí a ń kí. Èyí tí ó pọ̀ nínú máòsì eré ni wọ́n gbẹ́ fún ọwọ́ ọ̀tún, tí bọ́tìnnì àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí àtàǹpàkò ọlọ́wọ́ òsì kì í dé. Razer ṣe Naga kan fún ọwọ́ òsì ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni máòsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Windows yóò sì gbà kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́ bọ́tìnnì òsì àti ti ọ̀tún láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọlọ́wọ́ òsì tí ó ti fi ọwọ́ ọ̀tún kọ́ ọ, tí ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ọdún 2013 ni JAMB bẹ̀rẹ̀ sí lo kọ̀ǹpútà fún ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2015, ìdánwò orí ìwé ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ìbéèrè 180 ni akẹ́kọ̀ọ́ ń dáhùn láàárín wákàtí méjì. JAMB mọ̀ pé máòsì ń ṣòro fún àwọn kan, ó sì gbà kí wọ́n lo bọ́tìnnì ìtẹ̀wé mẹ́jọ dípò rẹ̀: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ síwájú, P láti padà sẹ́yìn, S láti parí, R láti fagi lé píparí náà. Ó yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá fún máòsì nínú ìdánwò yóò bá a pàdé ní yunifásítì, yóò sì tún bá a pàdé níbi iṣẹ́.

Nítorí náà, ilé ìwé tí ó bá fẹ́ ra ogún máòsì, kí ó má ṣe ra ogún tí ó jẹ́ ìwọ̀n kan náà nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni òǹtajà ṣe kó wọn jáde. Kí ó ra méjìlá tí ó tóbi níwọ̀n, kí ó ra mẹ́jọ kékeré, kí ẹ̀gbẹ́ gbogbo wọn sì dọ́gba, kí ọlọ́wọ́ òsì lè rí tirẹ̀ mú. Kí olùkọ́ tò wọ́n sórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan dì wọ́n mú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó tó lọ jókòó. Kò lè gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.