Ìbọn Ń Bẹ Nílé, Ta Ló Ń Jíhìn Fún Un?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n pa Dókítà Fatai Aborode ní Ìgàngán. Kò pé ọdún kan, ní òru ọjọ́ karùn-ún mọ́jú ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹfà ọdún 2021, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngán kan náà, wọ́n pa èèyàn tí kò dín ní 11, wọ́n sì dáná sun ààfin Aṣígàngán. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè kan ti ń jà rànyìn ní Ìbàràpá Méje. A ń gbọ́ ọ lọ́jà Igbó-Ọrà, a ń gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ Èrúwà, a sì ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ìsìn pàápàá: ṣé kò yẹ kí olúkúlùkù ní ìbọn nílé báyìí?

Àwọn kan a ní, "Ṣebí bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà nìyẹn, ẹni tó bá wù ló ń ra ìbọn." Àwọn mìíràn a ní kí ìjọba kó gbogbo ìbọn kúrò lọ́wọ́ aráàlú bíi ti ìlú Ọba. Ní tiwa, a rò pé ìbéèrè mìíràn ló yẹ kó ṣáájú méjèèjì: ìbọn tó ti wà nílẹ̀ yìí, ta ló ni ín, níbo ló wà, ta ni yóò sì jíhìn fún un lọ́jọ́ tó bá pa èèyàn?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí òfin wa wí. Òfin ìbọn tí à ń lò ní Nàìjíríà ti wà láti ọdún 1959, kí a tó gba òmìnira. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín ìbọn sí. Èkínní ni èyí tó jẹ́ èèwọ̀ fún aráàlú: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn àwọn ológun, àti ìbọn ìléwọ́. Àyàfi bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i. Èkejì ni irú ìbọn ọdẹ ti òyìnbó, èyí tí ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ lé lórí. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà wa, tí à ń ki ẹ̀tù sí lẹ́nu.

Òfin náà kò gbójú fo irú ẹni tí kò yẹ kó ní ìbọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, gbogbo wọn ni òfin yọ kúrò. Òfin mìíràn ti ọdún 1984 ní kí ẹni tó bá ní ìbọn láìgba àṣẹ san 20,000 náírà, tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ní dín ní ọdún mẹ́wàá, tàbí kó fojú winá méjèèjì. Lọ́dún 1984, owó ńlá ni 20,000 náírà. Lónìí, kò ra àpò ìrẹsì kan. Òfin tí wọn kò bá tún wò, bí ó ti máa ń rí nìyẹn.

Àwọn kan ń bínú pé kí ló dé tí gómìnà kò kó ìbọn gidi fún Àmọ̀tẹ́kùn. Ìwé òfin ilẹ̀ wa fi ọ̀rọ̀ ohun ìjà sí abẹ́ àwọn ohun tí Àbújá nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ìdí nìyẹn tí Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kìíní ọdún 2020, fi gbé ìbọn ọdẹ dojú kọ àwọn tó gbé AK-47. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Zamfara kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé kí aráàlú múra láti gba ìbọn, ọ̀gá àwọn ológun sọ pé òun kò fara mọ́ ọn. Gómìnà lè kéde o, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé ìbọn kò sí lápò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé ṣakabùlà ló tọ́ sí wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ìró ìbọn ló fún ogun náà lórúkọ, ìbọn ìgbàlódé ayé ìgbà náà sì ti wọ ilẹ̀ Yorùbá láti Èkó. Ní oṣù Keje ọdún 1890, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára pàdé ní Brussels, wọ́n sì fẹnu kò pé àwọn kò ní jẹ́ kí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ máa wọ apá tó pọ̀ jù ní Áfíríkà mọ́. Ìbọn àtijọ́ tí à ń ki ẹ̀tù sí ni wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún. Wọ́n ní nítorí òwò ẹrú ni. Kò pé ọdún méjì tí àwọn òyìnbó fi ìbọn arọ̀jò-ọta ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn ní 1892. Nítorí náà, bí ọdẹ Tápà tàbí Ayétẹ̀ bá ń ráhùn pé òfin mú òun nìkan lọ́wọ́ dè, ìráhùn rẹ̀ ní ìtàn nínú.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn ará òkèèrè tí à ń tọ́ka sí. Ní Amẹ́ríkà, ẹ̀tọ́ láti ní ìbọn wà nínú òfin wọn láti 1791. Àjọ Small Arms Survey fojú bù ú ní 2018 pé ìbọn ọwọ́ aráàlú níbẹ̀ tó mílíọ̀nù 393, ó ju iye èèyàn ibẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ẹni tó ń fi ìbọn títà ṣiṣẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wádìí oníbàárà wò kó tó tà á fún un. Ìbọn pa èèyàn tó lé ní 48,000 níbẹ̀ lọ́dún 2021, ó sì lé ní ìdajì wọn tó jẹ́ pé ara wọn ni wọ́n yin ín lù. Ẹni tó bá ní ká ṣe bíi ti Amẹ́ríkà, kó ka èyí mọ́ ọn.

Ní ìlú Ọba, lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa ọmọ 16 àti olùkọ́ wọn ní Dunblane ní oṣù Kẹta ọdún 1996, wọ́n fòfin de ìbọn ìléwọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ wọn ṣì lè ní ìbọn ọdẹ, pẹ̀lú ìwé ọlọ́pàá. Ní Jàpáàn, ẹni tó fẹ́ ìbọn ọdẹ yóò ṣe ìdánwò, yóò gba ìwé dókítà, ọlọ́pàá yóò sì wá wo ibi tó ń tọ́jú rẹ̀. Ní Switzerland, àwọn ọ̀dọ́ tó ń sin ilẹ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ológun lè gbé ìbọn wọn lọ sílé, síbẹ̀ ní 2019 àwọn aráàlú fúnra wọn dìbò pé kí òfin ìbọn túbọ̀ le sí i. Àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí kò bá ara wọn dọ́gba, ọ̀kan le, èkejì rọ̀. Ohun tí wọ́n fi jọra ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ìbọn tó wà lọ́wọ́ ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún ìbọn ńkọ́? Ó pọ̀ nínú ilé wa tó jẹ́ pé ṣakabùlà bàbá-bàbá wà ní àjà, tàbí tó fi kọ́ ara ògiri bí ohun ẹ̀ṣọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò ka ìbọn tí wọ́n ṣe kí ọdún 1899 tó dé sí ìbọn bíi tòní, àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ sì ní ìwé àṣẹ tiwọn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn lè tọ́jú ìbọn ayé àtijọ́ fún ìrántí. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, òfin 1959 dárúkọ ṣakabùlà gan-an. Ẹ má sọ pé kò yìn mọ́. Àwọn àgbà ní, ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun?

A mọ èsì tí àwọn kan yóò fún wa: "Ajínigbé kò ní lọ forúkọ sílẹ̀. Àwa nìkan ni ìjọba yóò mọ̀, àwa nìkan ni wọn yóò gba ìbọn lọ́wọ́ wa." Òótọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀rù náà sì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdẹ tó lé àwọn agbébọn kúrò ní oko rẹ̀ lóru. Gbogbo ìlú yóò yìn ín. Bí ọ̀rọ̀ bá dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọn yóò ní ìwé ìbọn rẹ̀ dà? Bí kò bá sí, ó ti di ọ̀daràn kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àti pé níbi tí ìbọn olóòótọ́ àti ti ọ̀daràn kò bá ti ní ìwé, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ èyí tí wọn yóò mú? Ìwé yẹn, ààbò ọdẹ ni.

Ẹni tó bá ń béèrè bóyá ó tọ́ kí onígbàgbọ́ dáàbò bo ilé rẹ̀, kó lọ ka ìtàn Nehemáyà. Àwọn tó ń mọ odi pẹ̀lú ohun ìjà kò ṣe é níkọ̀kọ̀. A pín wọn sí ipò wọn ní ìdílé-ìdílé, afunfèrè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣáájú wọn, ẹnì kan sì ń jíhìn fún gbogbo wọn.

Nítorí náà, ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Kí àwọn aṣòfin wa ní Àbújá tún òfin 1959 wò, kí ìwé àṣẹ ṣakabùlà ṣeé gbà ní olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ní Igbó-Ọrà, ní Èrúwà, ní Ayétẹ̀, ní iye tí àgbẹ̀ lè san. Kí Ààrẹ fọwọ́ sí ohun ìjà tó bá iṣẹ́ Àmọ̀tẹ́kùn mu, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ìwé àkọsílẹ̀ fún ìbọn kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn ECOWAS ní Àbújá ní oṣù Kẹfà ọdún 2006 pé àwọn yóò máa ṣàkóso ìbọn ọwọ́ aráàlú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un ṣẹ.

Àwa náà ní iṣẹ́ tiwa. Kí ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú kọ̀ọ̀kan ka ìbọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn, kí olórí wọn kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lọ béèrè ìwé. Ẹ má fi ìbọn yáni. Ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà lóru. Ẹ yọ ẹ̀tù kúrò nínú rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wọlé, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Bí ẹ bá sì ń ṣe òkú ọdẹ, ẹ má ṣe yìnbọn láàárín èrò.

Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ Ìbàràpá o. Àmín.