Kí A Tó Tú Inú Àpótí Àtijọ́

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe yìí dùn lẹ́nu gbogbo wa, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a rántí pé àwọn baba wa kò fi í gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ti iná bọ ààfin. Ẹwà a máa bù sí ilé tí ó jó nígbà tí ẹni tí ó ń tún un kọ́ bá mọ ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tí ó mú mi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé tí ẹ ń ka ìwé wa yìí ni àṣà kan tí ó ti rí àyè láàárín àwọn ará Amẹ́ríkà, tí ó sì lè wúlò fún àwa náà bí a bá fi òye ṣe é: èyí ni fífi ẹ̀yà tẹlifíṣọ̀n ìgbàlódé sínú àpótí igi tí a fi ṣe ilé fún tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ láyé àtijọ́.

Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ náà dára, ó sì yẹ ní yíyìn, bí a bá kọ́kọ́ bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Ṣé ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni àpótí yìí? Ṣé ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti kú tán lóòótọ́? Ṣé ẹni tí yóò gba ipò wa lè dá a padà sí bí a ti bá a? Ẹni tí kò bá rí èsì fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó jẹ́ kí àpótí náà sinmi ní ìgun ilé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìtàn rẹ̀. Ní oṣù December ọdún 1953 ni ìjọba Amẹ́ríkà fi àṣẹ sí ìlànà NTSC, èyí tí a ó máa fi gbé àwòrán aláwọ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè náà. Ní ọdún 1954 ilé iṣẹ́ RCA gbé ẹ̀rọ kan tí a ń pè ní CT-100 jáde. Ìgò àwòrán rẹ̀, èyí tí àwọn atún-ẹ̀rọ-ṣe ń pè ní túùbù, rí roboto, ó sì jẹ́ íǹṣì 15. Owó rẹ̀ jẹ́ 1,000 dọ́là, owó ńlá gbáà ní ìgbà náà, iye tí wọ́n sì ṣe kò tó 5,000. Ó di àárín àwọn ọdún 1960 kí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ tó di ohun tí ó wọ́pọ̀ ní ilé àwọn ènìyàn níbẹ̀. Ní ìgbà náà, wọn kò ka tẹlifíṣọ̀n sí ẹ̀rọ lásán. Ohun ọ̀ṣọ́ ilé ni wọ́n kà á sí. Wọ́n fi igi dáradára kọ́ ilé fún un, wọ́n fún un ní ẹsẹ̀, wọ́n fi aṣọ híhun bo ojú sípíkà rẹ̀, àwọn mìíràn sì ní rédíò àti giramafóònù nínú àpótí kan náà.

Irú CT-100 wọ̀nyí ni mo ń tọ́ka sí nígbà tí mo bi ìbéèrè èkínní. Ẹni tí ó bá tú inú irú rẹ̀ dànù nítorí kí ó lè wo eré bọ́ọ̀lù lójú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ, ó dà bí ẹni tí ó ya ojú ewé ìwé ìtàn kí ó fi di epo. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ìgò rẹ̀, tí orúkọ wọn ń jẹ́ 15GP22, ni afẹ́fẹ́ ti wọ̀, tí wọn kò sì lè mú àwòrán wá mọ́. Síbẹ̀ ara òkú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní ìlú Hilliard ní ìpínlẹ̀ Ohio, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan wà tí ó ń jẹ́ Early Television Museum, níbi tí a ti ń tọ́jú irú nǹkan wọ̀nyí. Ibẹ̀ tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀ ni ó yẹ kí CT-100 lọ, kì í ṣe orí tábìlì ẹni tí ó di ayùn mú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àpótí ni ó ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀. Àwọn èyí tí wọ́n ṣe ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ní àwọn ọdún 1960 àti 1970 ṣì wà káàkiri, ìgò ọ̀pọ̀ wọn sì ti ṣú. Láyé ìjọ́un, àwọn oníṣẹ́ wà tí ń tú irú ìgò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ohun tí ó ti gbó nínú ọrùn rẹ̀, tí wọ́n sì ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilé iṣẹ́ Hawk-Eye ní ìpínlẹ̀ Iowa, tí ó gbẹ̀yìn lẹ́nu iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà, ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2010. Láti ìgbà náà, ìgò tí ó bá ti kú, òkú rẹ̀ ṣòro í jí. Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín èyí àti ẹ̀rọ tí kò rí nǹkan gbà láti ojú ọ̀run. Ní 12 June 2009 ni àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ńláńlá ní Amẹ́ríkà pa ọ̀nà ìgbéjáde àtijọ́ tì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé tẹlifíṣọ̀n wọn ti bàjẹ́ ní ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́. Dẹ́kódà kékeré kan tó láti mú un sọ̀rọ̀ padà. Nítorí náà, kí a tó pe ẹ̀rọ ní òkú, ẹ jẹ́ kí atún-ẹ̀rọ-ṣe tí ó mọṣẹ́ fọwọ́ kàn án lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Ní Ìbàdàn ni tẹlifíṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní 31 October 1959, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Dúdú àti funfun ni àwòrán rẹ̀ nígbà náà. Àwòrán aláwọ̀ dé lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọdún 1974, ní ìlú Jos. Láti ìgbà náà wá ni àpótí tẹlifíṣọ̀n onílẹ̀kùn ti gba ipò ọlá ní pálọ̀ ọ̀pọ̀ ilé. Bàbá ni ó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ aládùúgbò a sì máa rọ́ wá sí ojú fèrèsé láti wòran. Lónìí, irú àpótí bẹ́ẹ̀ ti di ibi tí adìyẹ ń yé sí ní ẹ̀yìnkùlé àwọn kan, òmíràn sì ti di igi ìdáná. Àwa tí a ń kígbe pé àwọn àjèjì kó ère wa lọ, ṣé àwa náà kì í sun tiwa níná lójoojúmọ́?

Àwọn kan yóò wí pé kò yẹ kí a fọwọ́ kan ohun àtijọ́ rárá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mo bi wọ́n pé: àpótí tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ọdún mélòó ni ìyàwó ilé yóò fi máa gbá ìdí rẹ̀ kí ó tó sọ pé kí wọ́n gbé e jù sẹ́yìn? Ohun tí a ń lò ni a ń nù ní eruku. Àwọn mìíràn yóò wí pé kí a ra tuntun, kí a fi ẹ̀kọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà sílẹ̀. Àwọn yẹn ni kí ó gbé tuntun wọn wò lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kí wọ́n sọ ohun tí ó kù nínú rẹ̀ tí ọmọ wọn lè jogún.

Ẹni tí ó bá pinnu láti ṣe é, kí ó kọ́kọ́ mú ọ̀pá ìwọ̀n. Àwòrán àtijọ́, bí ó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, yóò ga ní mẹ́ta. Ti òde òní, bí ó bá fẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún, yóò ga ní mẹ́sàn-án. Bí ojú àpótí bá jẹ́ íǹṣì 25 láti igun dé igun, yóò fẹ̀ tó íǹṣì 20, yóò sì ga tó 15. Bí a bá fi ojú pẹlẹbẹ oníǹṣì 23 sí i, yóò kún fífẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àlàfo bí íǹṣì méjì yóò ṣófo lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí inú àpótí bá fẹ̀ tó, èyí tí ó dára jù ni kí a fi oníǹṣì 32 sí ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kí igi bo bí íǹṣì mẹ́rin lọ́tùn-ún àti mẹ́rin lósì, kí a sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà kí ó máa gbé àwòrán jáde ní ìwọ̀n àtijọ́. Nígbà náà ni ojú àpótí yóò kún rẹ́rẹ́ láìsí pé a gé igi kankan. Kí a ṣí ojú kékeré tí ń gba àṣẹ rìmóòtù sí ẹ̀yìn aṣọ sípíkà. Kí a so ohùn mọ́ sípíkà ńlá ti àtijọ́ bí ó bá ṣì gbó, nítorí ohùn tí ó ti inú igi jáde kún ju ti ike lọ. Kí àwọn kókó tí a fi ń yí ìkànnì wà ní ipò wọn. Èrè mìíràn tún wà níbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ àtijọ́ a máa jẹ iná tí ó lé ní 300 wáàtì, èyí tuntun kì í sábà ju 60 lọ.

Níhìn-ín ni mo ti fẹ́ kìlọ̀ gidigidi. Iná tí ń bẹ nínú ìgò tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ a máa tó 20,000 sí 25,000 fólítì, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ okùn iná kúrò lára ògiri. Ó lè pa ènìyàn. Ọrùn ìgò náà kò lágbára. Bí ó bá ṣẹ́, gilasi lè fọ́n ká bí ọta ìbọn. Òjé wà nínú gilasi rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa tí ń fi òkò fọ́ ọ lórí ààtàn láti yọ bàbà rẹ̀ ń ra ikú lọ́pọ̀. Ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ yìí, kí ó má ṣe ṣí ẹ̀yìn àpótí. Kí ó pe ẹni tí ó kọ́ ọ.

Òfin ìkẹyìn ni pé kí a má ṣe ohun tí a kò lè tú. Kí a má fi ayùn kan igi àtijọ́. Kí a fi igi tuntun ṣe ìjókòó fún ẹ̀rọ tuntun, kí a sì fi ìṣó tí a ń yí wọlé dè é sí ojú ihò tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Kí a di ẹ̀rọ inú rẹ̀ tí a yọ sínú páálí, kí a kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i lára, kí a sì tọ́jú rẹ̀, tàbí kí a fi fún ẹni tí ń wá ẹ̀yà láti fi jí òmíràn. Kí a lẹ ìwé kan mọ́ inú àpótí, kí ó sọ ohun tí a ṣe àti ọjọ́ tí a ṣe é. Bàyìí ni ọmọ-ọmọ wa yóò fi mọ̀ pé a kò ba ogún jẹ́, a kàn yá a lò ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹni tí àpótí bàbá rẹ̀ bá wà lábẹ́ òjò, kí ó gbé e wọlé lónìí, kí ó nù ún, kí ó ka nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì pe gbẹ́nàgbẹ́nà àti atún-ẹ̀rọ-ṣe jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ méjèèjì ń di àwátì láàárín wa, àpótí kan ṣoṣo sì lè fún àwọn méjèèjì ní oúnjẹ àti ọmọ ẹ̀kọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.